Ọ̀nà wo ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọ kọ̀ǹpútà yín?

Ìbéèrè: Arákùnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú ní Sábó, Ìkòròdú, ló kọ̀wé sí mi. Ó ní púrósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Ryzen 5 5600X àti káàdì àwòrán RTX 3060 ló wà nínú kọ̀ǹpútà òun. Gíláàsì ni iwájú kéèsì rẹ̀, fáànù mẹ́ta tó ń tan oríṣiríṣi àwọ̀ ló wà lẹ́yìn gíláàsì náà, ọ̀kan sì wà lẹ́yìn kéèsì. Abẹ́ tábìlì, nínú àpótí tí káfíńtà kàn mọ́ tábìlì náà, ló gbé e sí. Láàárọ̀, iṣẹ́ máa ń lọ geerege, ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀sán tí fídíò bá ń render (ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà ń sọ iṣẹ́ tó ti gé tó sì ti tò di odidi fídíò), ìwọ̀n ooru púrósẹ́sọ̀ á gun dígírì 94, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Nígbà mìíràn kọ̀ǹpútà náà á kàn kú lójijì. Oníṣẹ́ kan ní kó ṣí ẹ̀gbẹ́ kéèsì sílẹ̀, kó gbé fáànù onídùúró tì í, ìyẹn sì mú un wá sí 81. Oníṣẹ́ kejì ní kó ra fáànù méjì sí i fún òkè kéèsì. Ó wá ń bèèrè pé: fáànù mélòó ló tọ́ sí i, ibo ló yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dojú kọ, ṣé ó dára kí kéèsì máa wà ní ṣíṣí, àbí kí òun kúkú ra ohun ìtutù púrósẹ́sọ̀ tó ń lo omi?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà ooru ọ̀sán. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì ra fáànù kankan. Nọ́ńbà méjì tí ẹ kọ ránṣẹ́ yẹn ti sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníṣẹ́ méjèèjì kò kọbi ara sí i. Nígbà tí kéèsì wà ní pípadé, púrósẹ́sọ̀ gun 94. Nígbà tí ẹ ṣí i, ó wálẹ̀ sí 81. Dígírì 13 kì í ṣe ohun kékeré rárá. Bó bá jẹ́ pé thermal paste (ọ̀rá tó ń gbé ooru kọjá) tó wà láàárín púrósẹ́sọ̀ àti heatsink (irin eléwé-eléwé tó ń gba ooru lára púrósẹ́sọ̀) ló ti gbẹ, tàbí pé heatsink náà kò jókòó dáadáa, ṣíṣí ẹ̀gbẹ́ kéèsì kì bá tí yí nǹkan padà tó bẹ́ẹ̀, nítorí ooru náà kò ní lè kúrò lára púrósẹ́sọ̀ dé ibi tí afẹ́fẹ́ ti lè gbé e lọ. Lóòótọ́, fáànù onídùúró náà kópa nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i: ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ má gbé fáànù kankan sí i. Bí ìwọ̀n náà bá ṣì wálẹ̀ gan-an, a jẹ́ pé heatsink yín ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti gbóná kó tó dé ibẹ̀. Bí kò bá wálẹ̀ ju dígírì kan tàbí méjì lọ, ẹ fi ọ̀rọ̀ kéèsì sílẹ̀, kí ẹ lọ wo heatsink àti paste rẹ̀. Ní tèmi, ọ̀ràn ti àkọ́kọ́ ni mo fura sí.

Gbogbo iná tí kọ̀ǹpútà bá fà, ooru ni gbogbo rẹ̀ ń dà níkẹyìn. 5600X yín lè fa tó wáàtì 76 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ tagbára-tagbára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 65 ni wọ́n kọ sí ara páálí rẹ̀, RTX 3060 sì lè fa wáàtì 170. Bí àwọn méjèèjì bá jọ wà lẹ́nu iṣẹ́, àfi bí ẹni tan gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60 mẹ́rin sínú àpótí kan tó sì dé e. Ooru bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ jù fún fáànù mẹ́ta láti kó jáde, bí afẹ́fẹ́ bá rí ibi wọlé tó sì rí ibi jáde. Bí kò bá rí ọ̀nà, fáànù mẹ́wàá á kàn máa po afẹ́fẹ́ gbígbóná kan náà yí po ni.

Fáànù kì í mú òtútù wá. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó gbé afẹ́fẹ́ inú yàrá dé ibi tó gbóná, kó sì gbé èyí tó ti gba ooru sára kúrò níbẹ̀, nítorí náà kò sí bí fáànù ṣe lè mú púrósẹ́sọ̀ tutù ju yàrá tí ẹ gbé e sí lọ. Ibí yìí ni ìyàtọ̀ àárọ̀ àti ọ̀sán ti ń wá. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa ń yọ ìwọ̀n ooru yàrá kúrò nínú ìwọ̀n ooru púrósẹ́sọ̀, àlàfo tó bá ṣẹ́kù ni mo sì máa ń wò. Ẹ wá tẹmómítà kékeré kan, ẹ gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọ kéèsì gan-an, kì í ṣe sí ara ògiri tó wà ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi HWiNFO, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ìwọ̀n ooru hàn tí ẹ lè rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, wo ìwọ̀n púrósẹ́sọ̀ lẹ́yìn tí fídíò bá ti ń render fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, torí pé ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́ máa ń tan ènìyàn jẹ: irin heatsink àti gbogbo ara kéèsì ṣì ń gba ooru mọ́ra nígbà náà.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé yàrá wà ní 26 láàárọ̀, tí púrósẹ́sọ̀ wà ní 72. Àlàfo yẹn jẹ́ 46. Bí yàrá bá gun 33 lọ́sàn-án, ó yẹ kí púrósẹ́sọ̀ wà ní nǹkan bí 79, torí pé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Bó bá jẹ́ 94 ni ẹ rí, àlàfo ti di 61, ẹ kò sì lè di gbogbo ẹ̀bi ru oòrùn Ìkòròdú mọ́. Ohun tó máa ń fà á ni pé afẹ́fẹ́ tí kéèsì ti tú jáde ló tún ń padà fà wọlé. Àpótí tí káfíńtà kàn mọ́ tábìlì yẹn ni mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi yìí rù: ẹ̀yìn rẹ̀ dí, òkè rẹ̀ dí, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó sì ti ẹ̀yìn kéèsì jáde kò ní ibòmíràn tí yóò gbà ju kó yí padà sí iwájú lọ. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà náà kúrò níbẹ̀ lónìí. Ẹ gbé e sórí tábìlì tàbí sórí pákó tó ga díẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ jìnnà sí ògiri tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ẹ má gbé e sórí kápẹ́ẹ̀tì, nítorí abẹ́ ni páwà (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) inú ọ̀pọ̀ kéèsì òde òní ti ń fa afẹ́fẹ́ tirẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì á sì bò ó lẹ́nu. Èyí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni yóò ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Ìdajì tó kù wà ní iwájú. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín gíláàsì iwájú àti férémù kéèsì. Lára ọ̀pọ̀ kéèsì irú èyí tí mo ti rí, àlàfo náà kò gba ìka. Ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ẹ̀gbẹ́ ni fáànù mẹ́ta náà jọ ń gbà mí. Wọ́n ṣe é kó dùn-ún wò, wọn kò ṣe é kó lè mí. Fáànù á máa yí, iná àwọ̀ mèremère á máa tàn, oníbàárà tó bá wọlé á ní ẹ̀rọ yìí mà le o, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kò tó nǹkan.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán, ẹ dán an wò. Ẹ ya tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn tó ìka àárín. Ẹ fi ìka méjì di orí rẹ̀ mú, kí ẹ jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ ní ẹnu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ gíláàsì náà nígbà tí fáànù bá ń sáré dáadáa. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń wọlé, tíṣù náà á lẹ̀ mọ́ ihò, ẹ ó sì fẹ́ẹ̀ẹ́ fi agbára fà á kúrò. Bó bá kàn ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn mí sí i, fáànù iwájú yín kò rí nǹkan fà. Ẹ gbé tíṣù yẹn lọ sí ẹ̀yìn kéèsì: ó yẹ kó fò jáde níbẹ̀. Ẹ wá tú gíláàsì iwájú kúrò pátápátá, kí ẹ tún render fídíò kan náà fún ogún ìṣẹ́jú. Bí ìwọ̀n ooru bá wálẹ̀ bíi ti ìgbà tí ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́, gíláàsì yẹn ni ọ̀tá yín.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ lè ra bóòtù tó gùn díẹ̀ sí i àti wọ́ṣà fún igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí gíláàsì náà lè yọ síwájú tó sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta; ẹwà rẹ̀ kò ní bàjẹ́, afẹ́fẹ́ á sì rí ẹ̀gbẹ́ gbà wọlé. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ yọ ọ́ pátápátá, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì fèrèsé rọ́pò rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì yẹn kò ní dá eruku kíkúnná dúró, ṣùgbọ́n á dá ìdọ̀tí ńlá àti ọmọńlé dúró. Ẹ má ṣe fi fóòmù tó nípọn tàbí aṣọ dí i ní orúkọ pé ẹ ń sá fún eruku, torí ibi tí ẹ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò náà ni ẹ ó tún padà sí.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ iye fáànù àti ibi tí wọn yóò dojú kọ. Méjì tàbí mẹ́ta ní iwájú tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ọ̀kan lẹ́yìn tó ń tì í jáde: ó tó fún ẹ̀rọ yín, ẹ sì ti ní gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé wọ́n dojú kọ ibi tó yẹ, torí mo ti bá kéèsì pàdé tí gbogbo fáànù inú rẹ̀ ń tì jáde, tí kò sí ọ̀kan tó ń fà wọlé. Lára fáànù tó wọ́pọ̀, ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ti rí apá ike tó di àárín mú, níbi tí sítíkà sábà máa ń wà, ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ẹ̀gbẹ́ kejì tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wà ní gbangba ni ó ń gbà wọlé. Àwọn kan ní àmì ọfà lára férémù wọn. Àwọn fáànù kan sì ti wà lọ́jà báyìí tí wọ́n yí abẹ̀bẹ̀ wọn padà kí ojú tó dára lè máa wà níta, nítorí náà tíṣù ni kí ẹ fi ṣe adájọ́, kì í ṣe sítíkà.

Fáànù iwájú tó wà nísàlẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. RTX 3060 ló ń mú ooru tó pọ̀ jù wá nínú kéèsì yín, èyí tó pọ̀ jù nínú káàdì wọ̀nyí ló sì jẹ́ pé inú kéèsì ni wọ́n ń tú ooru wọn sí, kì í ṣe ìta. Ooru yẹn á gòkè lọ bá heatsink púrósẹ́sọ̀, òun ni heatsink náà á sì máa fà sára. Ẹni tó bá rí púrósẹ́sọ̀ ní 94 tó sì sáré lọ ra heatsink tuntun lè máa lé olè tí kò jalè. Ẹ jẹ́ kí fáànù ìsàlẹ̀ yẹn dojú kọ káàdì náà gbọnrangandan, kí ẹ sì kó wáyà tó bá rọ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kúrò lọ́nà. Mi ò sọ pé kí ẹ fi ọjọ́ kan gbáko to wáyà. Èyí tó bá ti fara pamọ́ sí ẹ̀yìn motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́) kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Oníṣẹ́ tó ní kí ẹ fi méjì sí òkè kò parọ́ pé ooru máa ń gòkè. Àmọ́ agbára tí ooru fi ń gòkè fúnra rẹ̀ kéré púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbára fáànù. Ibi tí fáànù bá darí rẹ̀ sí ló ń lọ. Bí ẹ bá fi méjì sí òkè tí wọ́n ń tì jáde, èyí tó wà lápá iwájú nínú wọn á kàn máa já afẹ́fẹ́ tútù gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ heatsink. Bí ẹ bá fẹ́ fi ohunkóhun síbẹ̀ rárá, ọ̀kan ṣoṣo ni, lápá ẹ̀yìn. Ohun mìíràn tún wà tó kàn yín ju ẹni tó ń gbé ní ibi tí títì ti dára lọ: bí ohun tó ń jáde bá pọ̀ ju ohun tó ń wọlé lọ, kéèsì á máa fa afẹ́fẹ́ gba gbogbo ihò tó bá rí, láti ibi tí wọ́n ń ki USB sí títí dé àlàfo ẹ̀yìn káàdì, eruku á sì máa tẹ̀ lé e wọlé níbi tí kò ti sí fílítà kankan. Bí ohun tó ń wọlé bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ á máa ti inú jáde gba àwọn ihò kéékèèké yẹn, iwájú nìkan sì ni eruku á máa gbà wọlé, níbi tí ẹ ti lè fọ nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ẹ̀bá ọ̀nà tí màrúwá àti ọ̀kadà ń gbà kọjá tọ̀sán-tòru, àgàgà nígbà ọyẹ́, ọ̀nà kejì yìí ni kí ẹ yàn.

Ìdí kan náà ni mo fi ní kí ẹ pa ẹ̀gbẹ́ kéèsì dé. Ṣíṣí i jẹ́ ọ̀nà tó dára láti fi ṣe àyẹ̀wò, kò dára láti fi gbé. Fáànù onídùúró ń kó eruku ilẹ̀ lu motherboard ní gbogbo ọjọ́, àárín ewé heatsink á dí láàárín oṣù díẹ̀, 81 yẹn á sì tún máa gòkè padà. Kí n má tilẹ̀ tíì sọ ti aáyán àti ọmọńlé tó fẹ́ràn ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lóru. Ọmọńlé kan tó bá tẹ́ ara rẹ̀ sórí ibi tí iná wà á kú, ó sì lè mú motherboard dání lọ.

Ní ti wáyà fáànù: onípíìnì mẹ́rin ni motherboard lè darí eré rẹ̀ láìyí iná 12V tó ń lọ síbẹ̀ padà. Onípíìnì mẹ́ta náà ṣeé darí, bí ẹ bá wọ BIOS (ojú ewé ètò tó ń ṣí kí Windows tó dìde) tí ẹ yí ibi tí ẹ ki i sí láti PWM sí DC. Fáànù aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń tà pọ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta pẹ̀lú rìmóòtù sábà máa ń gba iná láti ara páwà tààrà, eré kan ṣoṣo ni irú wọn sì ń sá. Bí tiyín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò burú. Ó kàn jẹ́ pé ẹ kò ní lè ní kó sáré sí i nígbà render.

Ẹ máa fọ nẹ́ẹ̀tì iwájú lóṣooṣù, kó sì gbẹ pátápátá kí ẹ tó dá a padà. Fún inú, ẹ lo búlówà kékeré tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń lò, ní ìta, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ wáyà iná. Ẹ fi ìka di abẹ̀bẹ̀ fáànù mú nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ. Bó bá ń yí fìrìfìrì, ó lè ju agbára bíárìn rẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ fún fọganáísà kó fi kọ̀m̀prẹ́sọ̀ táyà fẹ́ ẹ. Omi àti ọ́ìlì wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn, orí motherboard ni wọn yóò sì fọ́n ọn sí.

Kíkú lójijì tí ẹ sọ, mi ò rò pé ti ooru púrósẹ́sọ̀ ni. Dígírì 95 ni òpin tí wọ́n fi sí 5600X. Bó bá ti ń sún mọ́ ọn, òun fúnra rẹ̀ ló ń dín eré kù, ìyẹn sì ni fífalẹ̀ tí ẹ ń rí. Kò gbọdọ̀ kú ní 94. Èyí tó bá kú fíìn bí ẹni fa wáyà yọ, iná ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ṣé àsìkò tí ẹ ń yí láti iná NEPA sí ínfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ ni, ṣé páwà náà lágbára tó láti gbé káàdì yẹn, ṣé fáànù inú páwà ṣì ń yí. Àwa tí ilé iṣẹ́ amúnáwá Egbin wà ládùúgbò wa gan-an la tún ń ṣe wàhálà lórí iná jù! Ẹ má tú páwà fúnra yín o, nítorí iná ṣì máa ń wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ wáyà. Bó bá ti ń hùwà ìfura, ẹ fi òmíràn dán an wò.

Èyí tó ń lo omi ni ìbéèrè yín tó kẹ́yìn. Omi inú rẹ̀ kàn ń gbé ooru láti orí púrósẹ́sọ̀ lọ sí ara rádíétọ̀ ni, fáànù ló sì tún ń fi afẹ́fẹ́ yàrá kan náà tu rádíétọ̀ yẹn. Bí ẹ bá gbé e sí iwájú kéèsì yín báyìí, ẹ̀yìn gíláàsì tí kò lè mí yẹn náà ni yóò wà, yóò sì tún máa fẹ́ ooru rẹ̀ lu káàdì yín. Púrósẹ́sọ̀ oníwáàtì 76 kò nílò rẹ̀. Bí owó bá wà lọ́wọ́ yín tí ẹ fẹ́ ná an dandan lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe ti àpótí tábìlì àti ti gíláàsì, tí púrósẹ́sọ̀ sì ṣì ń ju 85 lọ lọ́sàn-án, heatsink onífáànù 120 mm kan tó dúró gbọọrọ ni kí ẹ rà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi rúlà wọn láti orí púrósẹ́sọ̀ dé ibi tí ẹ̀gbẹ́ kéèsì á dé sí, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ga ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ.